Nínú Èsúsú, Ta Ló Jẹ Ta Ní Gbèsè?

Àwọn ará Èkó máa ń sọ pé ọjà Oyíngbò kì í mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Òótọ́ ni. Bí oníṣu kan bá sùn sílé lónìí tí kò wá pàtẹ, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á fẹ àtẹ tirẹ̀ gba ibẹ̀, èrò á sì máa wọ́ kọjá bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rìn díẹ̀ kúrò nínú ọjà náà, ẹ gba apá Òtò lọ, níbi tí ojú irin ti ń ti Ìdó bọ̀, kí ẹ wá bi àwọn obìnrin méjìlá tí wọ́n jọ ń dá èsúsú léèrè bóyá ẹnì kan lè ṣàìwá kí wọ́n má mọ̀. Wọn á fi yín rẹ́rìn-ín ni. Nínú èsúsú, ẹnì kan ṣoṣo tí kò wá ti da ìṣirò gbogbo wọn rú.

Ìṣirò wo? Òun gan-an ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí. Mo sì bẹ ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má tìtorí pé ẹ gbọ́ orúkọ áljẹ́brà kí ẹ ṣí ìwé yìí kọjá sí ibi ìtàn àròsọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ni nǹkan náà kò bá lára mu nílé ìwé. Títíṣà á kọ x sí pátákó, á kọ y tẹ̀ lé e, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í kun àwọn kan, ẹ̀rù á sì máa ba àwọn tó kù. Ìgbà tí a jáde tán, a ò gbúròó x mọ́. A rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni orúkọ náà ti wá, bí àlùbáríkà àti àlùbọ́sà náà ṣe ti ọ̀dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ al-Khwarizmi ló kọ ìwé kan ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820, inú àkọlé ìwé náà ni a ti mú 'áljẹ́brà' jáde. Kò sí x kankan nínú ìwé ọ̀hún o! Ọ̀rọ̀ gidi, bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu, ló fi ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì dá lórí bí a ṣe lè pín ogún olóògbé láìrẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ 'kí ló tọ́ sí ta' ti wà lára áljẹ́brà ká tó máa fi í dẹ́rù ba ọmọ iléèwé.

Èyí tó jẹ́ tiwa náà kì í ṣe ti àná. Àlùfáà Samuel Johnson ti ṣàlàyé èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí ní 1897, tí wọn kò rí tẹ̀ jáde títí di 1921: iye kan tí gbogbo ẹgbẹ́ fẹnu kò sí, ọjọ́ kan, ibì kan, olórí kan, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì máa kó àpapọ̀ rẹ̀ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, tún kọ̀wé lé e lórí ní 1952. Títí di òní, susu ni àwọn ará Trinidad ń pè é, osusu ni wọ́n ń pè é ní Sàró. Nǹkan tó la òkun kọjá bẹ́ẹ̀ tí kò kú, ó ní ohun tó gbé e ró.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀, nítorí pé ní Èkó ti ìwòyí, àjọ làwọn kan ń pe gbogbo rẹ̀. Àjọ tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí alájọ ń gbà kiri: o ń dá tìrẹ, èmi ń dá tèmi, ìpárí oṣù la ń kó o. Èsúsú ni èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ ń dá papọ̀ tí ẹnì kan ń kó gbogbo rẹ̀ lọ, kó tó kan ẹlòmíràn.

Ti alájọ kọ́kọ́ yá, torí òun ló rọrùn. Ẹ jẹ́ ká fi o dúró fún iye ọjọ́, ká fi d dúró fún owó tí ènìyàn ń dá lójúmọ́, ká fi k dúró fún èyí tí yóò kó. Bí alájọ kò bá gba nǹkan kan, k ì bá jẹ́ o × d. Ṣùgbọ́n alájọ ń gba owó ọjọ́ kan. Nítorí náà:

k = (o − 1) × d

Ẹni tó bá ń dá 500 náírà fún ọgbọ̀n ọjọ́ yóò kó 14,500. Èdè wa tilẹ̀ ti bá wa yọ ọ̀kan yẹn kúrò: 'mọ́kàndínlọ́gbọ̀n' la ń pe 29, ìyẹn ọgbọ̀n tí ọ̀kan ti dín lára rẹ̀. Àfi bí ẹni pé alájọ wà níjokòó lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ nọ́ńbà lórúkọ.

Àwọn kan wà tí wọ́n kàwé dáadáa, tí wọ́n ń sọ pé ìrẹ́jẹ ni. Wọ́n ní: owó ta ni? Owó rẹ. Ta ló ń tọ́jú rẹ̀? Alájọ. Báńkì a máa fi èlé díẹ̀ lé owó ẹni, alájọ ń yọ níbẹ̀. Bí a bá sì fi ojú ìṣirò wò ó, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ burú ju bó ṣe rí lójú lọ. Gbogbo 15,000 náà kò sí lọ́wọ́ alájọ láti ọjọ́ kìíní. 500 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ó di 1,000 lọ́jọ́ kejì. Tí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a pín in dọ́gba, nǹkan bí 7,750 ló ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ lójúmọ́. 500 lórí 7,750 lóṣù kan, ó lé ní 6 lórí 100. Lọ́dún kan, ó tó 77 lórí 100. Nínú ìwé kan tí Stuart Rutherford kọ ní 2000 lórí bí tálákà ṣe ń tọ́jú owó, ó ròyìn alájọ kan ní Vijayawada, ní ilẹ̀ Íńdíà, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń dá rúpì 5 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 220, tó jẹ́ 1,100, tó sì ń dá 1,000 padà fún wọn. Ìyẹn ń lọ sí bí 30 lórí 100 lọ́dún. Tiwa ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Olè wá ni alájọ ni? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ la ń san owó rẹ̀ fún un. A mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ fún ọmọ tí orí rẹ̀ pé pé 'orí ẹ pé bíi ti alájọ Ṣómólú.' Alphaeus Táíwò Olúnàíkè ni orúkọ bàbá náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tó di olóògbé ní 2012. Wọ́n ní kì í kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá sílẹ̀, kì í sì í ṣì í. Wọ́n tún ní ó ta mọ́tò, ó fi owó rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀dí á pè é ní wèrè, ṣùgbọ́n mọ́tò kò lè wọ kọ̀rọ̀ tí oníbàárà alájọ ń gbé, kẹ̀kẹ́ lè wọ̀ ọ́. Báńkì wo ló ń gun kẹ̀kẹ́ wá bá aláta nídìí ata? Ohun tó sì mú kí ọ̀kan tí alájọ ń yọ yẹn mọ́ lójú mi ni pé gbangba ló wà. Kí ọmọdé tó dá náírà àkọ́kọ́, ó ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ń lọ. Ìgbà tí alájọ bá gbé owó sá lọ ni ọ̀rọ̀ di olè, ìyẹn ò sì sí nínú k = (o − 1) × d rárá.

Èsúsú ló ní wàhálà tí ojú kì í tètè rí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin méjìlá wa yẹn. Ẹ jẹ́ ká ní 50,000 náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣù. Ká fi e dúró fún iye ènìyàn, kí d ṣì jẹ́ owó dídá. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kó ni:

k = e × d

Ìyẹn 600,000. Lóṣù méjìlá, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ti dá 600,000, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì ti kó 600,000. Ohun tó wọlé dọ́gba pẹ̀lú ohun tó jáde. Kò sí èlé, kò sí owó alájọ, mùsùlùmí tó ń sá fún èlé lè bá wọn dá a kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni nínú wọn bóyá ó jẹ gbèsè, á yarí mọ́ yín lọ́wọ́. 'Gbèsè kẹ̀? Owó mi ni mo kó!'

Ṣé owó rẹ̀ ni lóòótọ́? Ẹ wo ẹni tó kọ́kọ́ kó. Ọjọ́ tó kó 600,000, 50,000 péré ló tíì dá. 550,000 tó kù, ti ta ni? Ti àwọn mọ́kànlá tó kù ni. Ó jẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní 50,000. Ẹ wá wo ẹni ìkẹyìn: kó tó kó tirẹ̀, ó ti yá mọ́kànlá ènìyàn lówó. Ẹni kẹfà ńkọ́? Ó ti yá àwọn márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kó, àwọn márùn-ún yẹn ń san gbèsè wọn fún un, àwọn mẹ́fà tó wà lẹ́yìn sì ń yá a. Tí a bá fi i dúró fún ipò tí ènìyàn wà, gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kó ni:

(e − i) × d

Ẹni kìíní, 550,000. Ẹni kẹfà, 300,000. Ẹni kejìlá, òfo. Gbèsè ni gbogbo rẹ̀, a kàn ń pè é ní orúkọ tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí olórí èsúsú tó gbọ́n kì í fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò ní nọ́ńbà kìíní, bó ti wù kó kúnlẹ̀ tó: 'Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, owó ilé ló ká mi mọ́.' Màmá lè má mọ̀wé rárá, ṣùgbọ́n ó mọ (e − i) × d lórí. Bí àlejò yẹn bá fi òru kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Òtò, ọ̀dọ̀ Màmá ni àwọn mọ́kànlá ń bọ̀.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ lọ́rọ̀ parí sí, mi ò bá má kọ nǹkan kan. Gbèsè tí gbogbo ènìyàn san pé, kí ló tún kù? Ohun tó kù ni àsìkò, kò sì sí lẹ́tà kankan fún un nínú k = e × d. Ìṣirò náà gbà pé 50,000 oṣù Kìíní àti 50,000 oṣù Kejìlá jẹ́ ohun kan náà. Ìyàwó ilé wo ní Nàìjíríà ló máa gba ìyẹn gbọ́? Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ wo oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n ní owó ọjà ti fi 34.80 lórí 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹ jẹ́ ká fi w dúró fún bí nǹkan ṣe ń wọ́n lóṣù kọ̀ọ̀kan, ká ní ó jẹ́ 2.5 lórí 100, tó máa ń lọ sí nǹkan bíi ti ọdún náà. Ká tó mọ ohun tí owó kan lè rà lẹ́yìn oṣù kan, a ó fi 1 + w pín in. Oṣù kejì, a ó tún pín in bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ó máa ṣe é lọ.

Mo jókòó ti kakulétọ̀, ohun tó bá jáde nìyí. Ẹni tó kó lóṣù Kìíní, 600,000 rẹ̀ ra ohun tí 600,000 ń rà. Ẹni tó kó lóṣù Kejìlá, owó rẹ̀ kò lè rà ju ohun tí nǹkan bí 457,000 ì bá rà lóṣù Kìíní. Fíríìsà tí àwọn méjèèjì jọ fẹ́ rà, ọ̀kan ti ń ta omi tútù nínú tirẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá gbáko, èkejì ń na owó rẹ̀ síwájú oníṣọ́ọ̀bù, oníṣọ́ọ̀bù ní kó lọ wá sí i wá. Bí a bá sì wo gbogbo owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá, nípa ohun tó lè rà lóṣù Kìíní, nǹkan bí 525,700 ni. Ẹni kìíní fi lé ní 74,000 jèrè. Ẹni ìkẹyìn pàdánù ohun tó lé ní 68,000. Àwọn tó wà láàárín, ẹni kẹfà àti ẹni keje, tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò sì sí kọ́bọ̀ kan tó ti ìta wá níbẹ̀: gbogbo èrè àwọn tó ṣáájú, àpò àwọn tó kẹ́yìn ló ti jáde. Kò sẹ́ni tó jí i. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun fún ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí ẹni kìíní san nǹkan kan nìyẹn, àbí kò yẹ?

Ní Íńdíà, wọ́n ti dáhùn ìbéèrè náà lọ́nà tiwọn. Wọ́n ní irú èsúsú tiwọn tí wọ́n ń pè ní chit fund, ìjọba tilẹ̀ ṣòfin fún un ní 1982. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, gbàǹjo ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó máa kó. Ẹni tó bá gbà pé òun á kó iye tó kéré jù lọ ló máa gbé e, wọ́n á sì pín ohun tó fi sílẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ń kánjú ń sanwó ìkánjú rẹ̀. Ẹni tó ní sùúrù ń gba owó sùúrù rẹ̀. Tí ẹ bá fi áljẹ́brà wò ó, ó dára ju tiwa lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bèèrè ẹni tó ń kánjú ná. Kì í ṣe ẹni tí ara dẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni, ẹni tí lọ́ńdíìlọ́ọ̀dù ti fi kọ́kọ́rọ́ ti ilé mọ́. Nínú gbàǹjo, òun ló máa fi sílẹ̀ jù, ẹni tí kò ní ìṣòro kankan á sì jókòó jẹ nínú ìṣòro rẹ̀. Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ rí láyé àtijọ́, ká má purọ́. Nínú ètò ìwọ̀fà, ẹni tó yáwó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó, iṣẹ́ yẹn ni èlé, gbèsè kò sì ní fi kọ́bọ̀ kan dín. Ẹni tó sin ogún ọdún àti ẹni tó sin ọdún kan, iye kan náà ni wọ́n máa san kí wọ́n tó bọ́. Èsúsú wà nílùú nígbà yẹn náà. Mo rò pé ara ohun tó mú kí àwọn baba wa fọwọ́ dan-in dan-in mú un ni pé òun nìkan ni ibi tí ènìyàn ti lè rí owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà láìfi ọrùn ọmọ ṣe dúró.

Nítorí náà, èmi ò bá wọn dá sí i pé kí ẹni kìíní san èlé. Ohun tí ń bí mi nínú ni pé ẹni kan náà ló ń jẹ́ ẹni kìíní lọ́dọọdún. Ẹ lọ wo ọ̀pọ̀ èsúsú ilé iṣẹ́. Olórí á kó ṣáájú, ọ̀rẹ́ olórí á tẹ̀ lé e, tí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ ìwé, akọ̀wé kékeré tàbí obìnrin tó ń gbálẹ̀ lẹ ó bá níbẹ̀. Wọ́n parí, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ìwé kan náà ni wọ́n tún dà kọ. Ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ló wá ń yá àwọn ọ̀gá rẹ̀ lówó lọ́fẹ̀ẹ́, tó tún ń fi lé ní 68,000 kún un fún wọn. Níbẹ̀ ni n kò ti lè pè é ní ìrànlọ́wọ́ mọ́. Bí ẹ bá yí ìwé náà po, kí ẹni ìkẹyìn èyí di ẹni kìíní tó ń bọ̀, w á máa gba ọwọ́ èyí bọ́ sọ́wọ́ ìyẹn, bó bá sì ṣe ìgbà mélòó kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Àwọn obìnrin ọjà ní ọgbọ́n mìíràn tí mo gba tiwọn: wọn kì í dá a lóṣooṣù. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni, bí ti àtijọ́ ṣe ń tẹ̀ lé ọjà ọrún-ọrún. Ènìyàn méjìlá tó ń dá 12,500 lọ́sẹ̀ á kó 150,000, ọ̀sẹ̀ méjìlá sì ti kárí gbogbo wọn. Nǹkan bí 6 péré lórí 100 ni owó ẹni ìkẹyìn á fi fúyẹ́, kì í ṣe bíi 24. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní 1 + w. Ọjà ló kọ́ wọn.

Síbẹ̀, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ ìwé, ó yẹ ká bi wọ́n léèrè. Àwọn obìnrin kan wà, ní Òtò, ní Mushin, níbi gbogbo, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ní kí wọ́n mú nọ́ńbà, ìkẹyìn ni wọ́n ń mú. Tí owó bá dé ọwọ́ wọn ní oṣù Kejì, àbúrò ọkọ á ti gbọ́, ará ilé á ti gbọ́, ẹni tó fẹ́ ṣòkú ìyá rẹ̀ á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní 'owó mi wà nínú èsúsú, kò tíì kàn mí,' kò sẹ́ni tó lè bínú sí wọn. Oṣù Kejìlá ni wọ́n ń fẹ́, nígbà tí owó ilé ọdún tuntun àti owó ilé ìwé bá ti dojú kọ wọ́n. Àwọn wọ̀nyí mọ̀ pé owó àwọn á ti fúyẹ́. 68,000 yẹn ni wọ́n san fún mọ́kànlá ènìyàn kí wọ́n bá wọn fi owó pamọ́ kúrò lójú ẹbí, bí aláta ṣe ń san owó ọjọ́ kan fún alájọ. Nínú ìwé olórí, èyí tó yàn án fúnra rẹ̀ àti èyí tí wọ́n tì í sí ibẹ̀, nọ́ńbà 12 ni wọ́n kọ síwájú orúkọ àwọn méjèèjì.